Ọwọ́ Kì í Fúnni Ní Rìsíìtì

Ìyá aránṣọ tó ń rán ṣòkòtò mi ní Moníyà bi mí lọ́sẹ̀ tó kọjá pé, "Bàbá, wọ́n ní òfin owó orí tuntun ti dé. Aládùúgbò mi ti ń gba ₦500 lé owó iṣẹ́, ó ní VAT ni. Ṣé kí èmi náà bẹ̀rẹ̀?" Èdè ni mo kọ́ ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi, kì í ṣe ìṣirò owó, àmọ́ n kò lè fi ìbéèrè náà sílẹ̀.

"Owó orí ọjà" ni wọ́n ń pe VAT lórí rédíò. Ìtumọ̀ yẹn fi nǹkan pamọ́. Ohun tí oníṣòwò fi kún iye ọjà kó tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ gan-an ni wọ́n ń bu owó lé. Aláṣọ ra aṣọ ní ₦9,000, ó tà á ní ₦10,000. Ó gba VAT ₦750 lọ́wọ́ oníbàárà, ó yọ ₦675 tó ti san nígbà tó ń rà á, ó kó ₦75 fún ìjọba. Ká ní aránṣọ náà gba ₦10,000, tí òwú àti bọ́tìnì sì jẹ́ ₦1,000. ₦75 péré ló lè yọ; ₦675 ni yóò kó sílẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ àti owó àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ló kó ìyókù, ọwọ́ kì í sì í fúnni ní rìsíìtì. Bí iye bá wá wọ́n jù, oníbàárà á lọ ra òkìríkà. Ti onídìrí tún burú jù, torí àbúrò ẹni lè dirun fúnni nílé láìgba kọ́bọ̀.

Ìdí nìyí tí Ìṣọ̀kan Yúróòpù fi gbà ní 1999 kí orílẹ̀-èdè tó bá fẹ́ dín VAT kù lórí irú iṣẹ́ báyìí: àtúnṣe bàtà, kẹ̀kẹ́ àti aṣọ, irun gígẹ̀, títún ilé ṣe. Wọ́n rò pé iye á wálẹ̀, iṣẹ́ á sì pọ̀. Finland dín ti àwọn onígẹ̀run kù láti 22% sí 8% ní 2007. Onímọ̀ ọrọ̀ ajé kan, Tuomas Kosonen, yẹ̀ ẹ́ wò: nǹkan bí ìdajì àdínkù náà ló dé ọ̀dọ̀ oníbàárà, àwọn tó ń gẹrun kò sì pọ̀ sí i. Nígbà tí wọ́n dá owó náà padà ní 2012, kíá ni iye gbéra. Àbí ẹ ò mọ owó mọ́tò wa? Bí epo bá wọ́n, ó fò sókè. Bí epo bá wálẹ̀, awakọ̀ á máa wò wá.

Ní tiwa, VAT bẹ̀rẹ̀ ní 1994 pẹ̀lú 5%, ó di 7.5% ní February 2020. Kò sí iye kékeré fún oníṣẹ́ ọwọ́. Ààlà ni Finance Act 2019 fà: ẹni tí iṣẹ́ tàbí ọjà rẹ̀ kò tó mílíọ̀nù 25 náírà lọ́dún kò ní láti gba VAT. Òfin tó bẹ̀rẹ̀ ní 1 January 2026 fi 7.5% sílẹ̀, ó sì gbé ààlà náà sókè. Lójú tèmi, ó sàn ju ti Finland lọ, nítorí obìnrin tó ń kọ gbèsè oníbàárà sẹ́yìn kàlẹ́ńdà kò ní akọ̀wé owó. Síbẹ̀, ẹ má rò pé VAT kò kàn án. Ó wà nínú owó òwú, ó wà nínú owó máṣíìnì, kò sì síbi tí yóò ti gbà á padà.

Mo dá a lóhùn pé, "Ẹ má gbà á. Ìjọba ló ni VAT. Ẹni tó bá gbà á gbọ́dọ̀ kó o fún wọn, àpò aránṣọ kọ́ ni ilé rẹ̀."

Ó ní, "Mo gbọ́, Bàbá. Ṣùgbọ́n òwú ti wọ́n o."

Ó fi ₦300 lé owó ṣòkòtò mi. Kò pè é ní VAT.