Ṣé o mọ̀? Omi tó ń sáré lórí apá bàlúù

Omi lè tutù ju òdo lọ lórí ìwọ̀n Celsius, síbẹ̀ kó má dì. Irú rẹ̀ wà nínú ìkùukùu. Ìgbà tí apá bàlúù bá kọlù ú ló máa ń di yìnyín.

Ibi tó dì sí gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ẹ̀kán omi kékeré a máa dì lójú ẹsẹ̀ ní etí iwájú apá. Ẹ̀kán ńlá kì í tètè dì tán: atẹ́gùn á tì í sẹ́yìn, á ṣàn lọ dì níbi tí ẹ̀rọ tó ń fọ́ yìnyín kò dé.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyẹn nítòsí Roselawn, ní ìpínlẹ̀ Indiana, Amẹ́ríkà, lọ́jọ́ 31 oṣù Kẹwàá, ọdún 1994. Bàlúù ATR 72 kan ń yípo lófuurufú, ó ń dúró de àyè láti balẹ̀ sí Chicago. Yìnyín ga bí ebè lẹ́yìn rọ́bà tó máa ń wú láti fọ́ ọ dànù. Ó da ìṣàn atẹ́gùn rú, abala kékeré tí awakọ̀ fi ń darí bàlúù létí apá sì ṣàdédé yí fúnra rẹ̀. Gbogbo èèyàn 68 tó wà nínú rẹ̀ ló kú.

Ó dunni pé ẹ̀yìn ikú wọn ni wọ́n tó fẹ rọ́bà náà sẹ́yìn sí i lórí apá àwọn ATR.