Omi Tí Ó Ń Gun Òkè: Fọ́tò Yíyà ní Crofton, ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Àwọn àgbà a máa wí pé omi kò lọ́tàá. Òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n bí a bá darí omi kúrò lẹ́nu ọ̀nà ẹnìkan lọ sí ẹnu ọ̀nà ẹlòmíràn, ẹni tí ó jèrè yóò máa yọ̀, ẹni tí ó pàdánù yóò sì máa wá ọgbọ́n mìíràn dá. Ní ìgbèríko Wiltshire, ní ìhà gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àmì èrè àti àmì àdánù náà ṣì dúró gbangba, ènìyàn sì lè fi kámẹ́rà ya méjèèjì ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ mú ẹ̀yin òǹkàwé wa lọ sí abúlé Great Bedwyn, àti sí ilé ẹ̀rọ omi Crofton tí ó wà nítòsí rẹ̀.

Ó tọ́ kí gbogbo ayafọ́tò bu ọlá fún Wiltshire. Ní ẹkùn yìí kan náà, nínú ilé ńlá tí à ń pè ní Lacock Abbey, ni William Henry Fox Talbot ti ya àwòrán fèrèsé kan ní oṣù August ọdún 1835, lórí bébà tí ó ti fi iyọ̀ àti egbòogi fàdákà pa. Bébà kékeré náà ni ó pẹ́ jùlọ nínú gbogbo nẹ́gẹ́tíìfù tí a fi kámẹ́rà yà tí ó ṣì kù láyé. Ní ọjọ́ tí Talbot ya àwòrán yẹn, ẹ̀rọ Crofton ti ń ṣiṣẹ́ fún ọdún 23.

Kí ni wọ́n ń fi ẹ̀rọ náà ṣe? Ní ọdún 1810 ni wọ́n parí odò àgbẹ́ Kennet and Avon, tí John Rennie jẹ́ ẹnjiníà rẹ̀, kí ọkọ̀ ẹrù lè máa ti ìhà Bristol àti Bath lọ sí Reading, kí ó sì bọ́ sí odò Thames tí ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ̀yin oníṣòwò mọ èrè tí ó wà nínú èyí, nítorí ẹrù tí ẹṣin kan lè fà lórí omi, ọ̀pọ̀ ẹṣin kò lè fà á lórí ilẹ̀. Ṣùgbọ́n òkè wà láàárín ọ̀nà. Odò àgbẹ́ a máa gun òkè bí ẹni gun àtẹ̀gùn: ìlẹ̀kùn ńláńlá ni ó ń sé omi mọ́, bí wọ́n bá sì ti ń ṣí wọn tí wọ́n ń tì wọ́n, ọkọ̀ a gòkè tàbí kí ó sọ̀kalẹ̀. Mẹ́sàn-án ni irú àtẹ̀gùn omi bẹ́ẹ̀ ní Crofton nìkan. Nígbàkúùgbà tí ọkọ̀ bá ré òkè kọjá, omi púpọ̀ a ṣàn lọ sí ìsàlẹ̀, kì í sì í padà. Àwọn orísun omi tí ó wà nítòsí kò sì lè gun òkè fúnra wọn. Ó tó 40 ẹsẹ̀ bàtà tí wọ́n fi rẹlẹ̀ sí i. Bí a kò bá gbé omi gòkè, odò yóò gbẹ, ọkọ̀ yóò sì jókòó sínú ẹrẹ̀.

Iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé Crofton lọ́wọ́ nìyẹn. Ẹ̀rọ méjì ni ó wà nínú ilé náà. Èkínní, tí ilé iṣẹ́ Boulton and Watt ṣe, ti ọdún 1812 ni. Èkejì, tí ilé iṣẹ́ Harvey ti ìlú Hayle ṣe, ti ọdún 1846. Èédú ni wọ́n fi ń dáná títí omi inú ìkòkò irin yóò fi di ooru. Agbára ooru náà ni ó ń mi ìtì irin ńlá kan bí ọ̀pá òṣùwọ̀n: bí ìkángun kan bá wálẹ̀, èkejì a gòkè, a sì fa omi sókè. Omi náà a wá gba ojú ọ̀nà tí wọ́n gbẹ́ fún un, ó tó máìlì kan, lọ sí orí òkè. Kò sí ẹ̀rọ irú rẹ̀ mìíràn ní gbogbo ayé tí ó dàgbà tó ti 1812 yìí, tí ó sì ṣì lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́ nínú ilé tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e sí.

Ẹni tí ó bá ń gbé Lọ́ńdọ̀nù lè gba ọ̀nà rélùwéè tí ó ti Paddington wá dé Bedwyn, kí ó sì fi ẹsẹ̀ rìn lẹ́bàá odò. Kí ó jí ní kùtùkùtù. Ní òwúrọ̀ tí afẹ́fẹ́ kò fẹ́, adágún Wilton Water, tí wọ́n ṣe ní 1836 láti tọ́jú omi, a máa dà bí dígí. Bí a bá dúró ní ẹ̀bá rẹ̀ tí a kọjú sí òkè, a ó rí odò àgbẹ́, a ó rí ojú irin lẹ́yìn rẹ̀, a ó sì rí ilé ẹ̀rọ oníbíríkì pẹ̀lú òpó èéfín rẹ̀ lókè. Ẹni tí ó bá ní sùúrù títí rélùwéè yóò fi kọjá yóò ní ọ̀nà ẹrù ti ìgbà méjì nínú fọ́tò kan. Nínú ilé ẹ̀rọ, ìmọ́lẹ̀ kò pọ̀. Kí ó gbé kámẹ́rà lé ẹsẹ̀ mẹ́ta, kí ó sì jẹ́ kí ojú rẹ̀ là pẹ́ díẹ̀: ògiri yóò dúró ṣinṣin, ìtì irin yóò sì hàn bí òjìji tí ń kọjá. Ẹni tí yóò bá wo àwòrán náà lẹ́yìn ọ̀la yóò mọ̀ pé ẹ̀rọ náà kò kú.

Ṣùgbọ́n kí ayafọ́tò má ṣe ti ibẹ̀ padà sílé. Omi tí odò àgbẹ́ gbà, àwọn ọlọ kan ní agbègbè náà ni ó ti ń yí tẹ́lẹ̀. Nígbà tí omi kò tó wọn mọ́, àlìkámà kò ṣàì yẹ ní lílọ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe kọ́ ọlọ mìíràn sórí òkè lẹ́bàá abúlé Wilton ní ọdún 1821, tí afẹ́fẹ́ ń yí. Wọ́n tún un ṣe ní 1976, ó sì ń lọ ìyẹ̀fun títí di òní. Ọ̀pọ̀ ni ó ń yà á nítorí ẹwà apá rẹ̀ lójú ọ̀run. Ní ojú tiwa, ẹ̀rí ni. Ẹni tí ó ya Crofton tí kò ya ọlọ Wilton, ìdajì ìtàn ni ó gbé lọ sílé.

Crofton fúnra rẹ̀ wá jẹ nínú àdánù. Rélùwéè gba ẹrù lọ́wọ́ odò, ilé iṣẹ́ Great Western Railway sì gba odò náà fúnra rẹ̀ ní 1852. Ní 1958, wọ́n gé òpó èéfín Crofton, tí ó ga tó 82 ẹsẹ̀ bàtà, kúrú nítorí pé kò dúró dáadáa mọ́. Òpó gíga ni ó sì ń fa afẹ́fẹ́ gba inú iná. Nígbà tí ó kúrú, iná kò jó tó, ẹ̀rọ ooru bá dákẹ́, iná mànàmáná sì gba iṣẹ́ rẹ̀. Ì bá parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó fẹ́ràn odò náà kó ara wọn jọ, wọ́n ra ilé ẹ̀rọ náà ní 1968, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ṣiṣẹ́ láìgba owó. Ní 1970, ẹ̀rọ ti 1812 tún mí. Ọbabìnrin Elizabeth Kejì ṣí gbogbo odò náà padà ní 1990, a sì ti mọ òpó èéfín padà sí gíga rẹ̀ àtijọ́. Ní ọjọ́ tí wọ́n bá dáná, wọ́n a pa ẹ̀rọ mànàmáná, arúgbó náà a sì gba iṣẹ́ rẹ̀ padà.

Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ. Fọ́tò lásán kọ́ ni ó gba Crofton là; ọwọ́ ènìyàn ni. Síbẹ̀, kò sí ẹni tí yóò na ọwọ́ sí ohun tí kò rí rí. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ní kámẹ́rà, ẹ ya ohun tí ó lẹ́wà, ẹ má sì ṣàì ya ohun tí ẹwà náà ná ẹlòmíràn.