Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì "Head" àti Orí Yorùbá: Ìtumọ̀ Tààrà àti Ìtumọ̀ Àfiwé

"Head" wà lára àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ọmọ ilé-ìwé máa ń kọ́kọ́ mọ̀. Olùkọ́ a fọwọ́ kan orí, ọmọ a pe orúkọ rẹ̀, ó parí. Ṣùgbọ́n bí ọmọ náà bá dàgbà tí ó ń ka ìwé ìròyìn tàbí ìwé òfin, yóò rí i pé lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe orí ènìyàn ni ọ̀rọ̀ náà ń tọ́ka sí. Ìtumọ̀ tààrà ni èyí tí ó dúró lórí ẹ̀yà ara. Ìtumọ̀ àfiwé ni èyí tí a yá lára ẹ̀yà ara náà fún ohun mìíràn. Orí náà ní irú ìtumọ̀ méjèèjì nínú èdè Yorùbá. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ àti ògbufọ̀ mọ ibi tí ọ̀nà àwọn ọ̀rọ̀ méjì yìí ti pàdé àti ibi tí ó ti yà, nítorí ibi ìyapa náà ni àṣìtumọ̀ ń gbà wọlé.

Ìtàn ọ̀rọ̀ náà

Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, "hēafod" ni wọ́n ń pe orí. Ọ̀rọ̀ náà bá "Haupt" ti èdè Jámánì tan, wọ́n sì ti lo àwọn méjèèjì fún orí ènìyàn àti fún aṣáájú. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì yá ọ̀rọ̀ láti inú èdè Látìnì àti Faransé, orí mìíràn tún bá wọn wọlé: "caput", tí í ṣe orí ní èdè Látìnì, ni ó bí "captain", "chapter" àti "capital". Ẹni tí ó ń pe olú-ìlú ní "capital" lónìí kò rántí orí mọ́. Àfiwé náà ti pẹ́ débi pé ó ti kú. Yorùbá náà ní irú àfiwé bẹ́ẹ̀. Bíbélì Yorùbá, tí Samuel Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ túmọ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, pe ìpín ìwé ní orí, kò sì sí òǹkàwé tí ń rántí agbárí bí ó bá ṣí orí kejì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ méjèèjì ti pàdé

Àwọn méjèèjì pàdé níbi ìrísí àti ipò. Ìṣó ní orí nínú èdè méjèèjì. Ẹni tí ó ṣáájú ẹ̀ka ẹ̀kọ́ jẹ́ "head" lédè Gẹ̀ẹ́sì, ó sì jẹ́ olórí lédè Yorùbá. Alágídí jẹ́ "headstrong" níbẹ̀, olóríkunkun níhìn-ín.

Wọ́n tún pàdé níbi kíka ènìyàn. Owó orí ni Yorùbá ń pe owó tí ìjọba ń gbà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Gẹ̀ẹ́sì pè é ní "poll tax", "poll" sì jẹ́ ọ̀rọ̀ àtijọ́ tí ó túmọ̀ sí orí. Nínú èdè méjèèjì, orí kan dúró fún ènìyàn kan, ìbáà jẹ́ olówó, ìbáà jẹ́ tálákà. Ibẹ̀ gan-an ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀. Owó orí wà lára ohun tí ó fa ọ̀tẹ̀ àwọn mẹ̀kúnnù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1381. Òun náà ni àwọn obìnrin Abẹ́òkúta, tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti jẹ́ aṣáájú wọn, kọ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1940, títí tí Aláké Adémọ́lá Kejì fi kúrò lórí ìtẹ́ fún ìgbà kan ní ọdún 1949.

Ibi tí wọ́n ti yà

Ìyapa kìn-ín-ní wà níbi ìtọ́ka ààyè. Láti ara "head" ni Gẹ̀ẹ́sì ti mú "ahead", tí ó túmọ̀ sí iwájú, bí ẹni pé ẹranko tí ń rìn, tí orí rẹ̀ ṣáájú, ni wọ́n wò. Ènìyàn tí ó dúró ni Yorùbá wò ní tirẹ̀: orí wà lókè, nítorí náà "ní orí" di "lórí". Ìwé wà lórí tábìlì. Bí Yorùbá bá fẹ́ sọ ti iwájú, ojú ni ó ń lò.

Ìyapa kejì wà níbi èrò. Lójú Gẹ̀ẹ́sì, inú orí ni ọgbọ́n àti ìrònú ń gbé. Bí òyìnbó bá ní kí ènìyàn lo "head" rẹ̀, ó ní kí ó ronú ni. Bí ó bá sì sọ pé "head" ẹnìkan sọ nù, ìbẹ̀rù tàbí ìbínú ni ó gba làákàyè onítọ̀hún. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀-ìṣe ronú fúnra rẹ̀ ń sọ ibi tí Yorùbá fi èrò sí: ro inú. Inú ni a ti ń rò, inú ni a ti ń bí, inú ni a ti ń yọ̀. Yorùbá mọ ọpọlọ, ó sì mọ̀ pé inú agbárí ni ó wà, síbẹ̀ "lo orí rẹ" kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìyànjú tí ó já gaara létí rẹ̀ bí "lo ọpọlọ rẹ" tàbí "ronú dáadáa".

Ìyapa kẹta ni ó jinlẹ̀ jù. Orí Yorùbá jẹ́ àyànmọ́. Orí òde ni èyí tí a ń rí; orí inú ni èyí tí ènìyàn yàn lọ́dọ̀ Àjàlá, amọ̀kòkò tí ń mọ orí lọ́run, kí ó tó wá sáyé. Láti ibẹ̀ ni oríire àti olóríburúkú ti wá. Òwe tí ó ní orí burúkú kò gbọ́ ọṣẹ fi ìtumọ̀ méjèèjì ṣeré: ọṣẹ lè fọ orí òde mọ́, ṣùgbọ́n kò lè dé ibi tí àyànmọ́ wà. Bí a bá túmọ̀ òwe yìí ní "bad head", ọmọ Gẹ̀ẹ́sì yóò rò pé àìsàn ni.

Àpẹẹrẹ mìíràn ni orí wíwú. Bí a bá ki ènìyàn ní oríkì, orí rẹ̀ a wú: ìwúrí ni, kò sì sí àbùkù nínú rẹ̀. "Swollen head" ti Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ìgbéraga.

Ní Bùràsíìlì, orí Yorùbá wọ inú èdè mìíràn láìfi ẹrù rẹ̀ sílẹ̀. Ètò "bori" nínú ẹ̀sìn Candomblé wá láti inú bọ orí. "Fazer a cabeça", ìyẹn ṣe orí, ni wọ́n ń sọ lédè Potogí fún ìgbàwọlé sínú ẹ̀sìn náà. Ọ̀rọ̀ Potogí ni "cabeça". Orí Yorùbá ni ó wọ̀ ọ́ bí ẹ̀wù.

Ẹ̀kọ́ fún ògbufọ̀

Àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì kò fi orí rọ́pò "head" níbi gbogbo. Níbi tí Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti King James pe òkúta kan ní "head" igun ilé, pàtàkì ni Yorùbá lò. Ṣùgbọ́n nínú ìwé sí àwọn ará Éfésù, níbi tí a ti sọ̀rọ̀ nípa ọkọ àti aya, orí ni wọ́n fi sílẹ̀. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn bóyá aṣáájú tàbí orísun ni ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí ó wà níbẹ̀ túmọ̀ sí. Etí Yorùbá lè gbọ́ ohun kẹta tí kò sí nínú iyàn náà: pé ọwọ́ ọkọ ni àyànmọ́ aya wà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lè sọ ìmọ̀ràn nípa ipò di ìdájọ́ nípa ìpín ẹ̀dá.

Nítorí náà, bí ògbufọ̀ bá pàdé "head", iṣẹ́ tí ó ń ṣe nínú gbólóhùn ni kí ó kọ́kọ́ wò. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀yà ara, ìrísí tàbí ipò, orí àti olórí sábà máa ń tó. Bí ó bá jẹ́ èrò, inú, ọpọlọ tàbí làákàyè ni yóò gbé e. Bí ó bá sì jẹ́ orí Yorùbá ni ó ń gbé lọ sínú Gẹ̀ẹ́sì, tí orí náà jẹ́ àyànmọ́, ó sàn kí ó fi orí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ó sì ṣàlàyé rẹ̀, ju kí ó fi "head" rọ́pò rẹ̀ lọ.