Kí ló ń ti inú àpáta Àkókó bọ́ sínú iṣu àti ẹ̀gẹ́ wa?

Ẹni tó bá ti Ìkàrẹ́ gba Àkùngbá lọ sí Ọ̀kà á rí i pé ẹsẹ̀ àpáta ni oko pọ̀ sí. Àpáta yìí náà ni òjò àti oòrùn fọ́ wẹ́wẹ́ di ilẹ̀ tí àwọn àgbẹ̀ Àkókó ń kọ ebè sí. Inú àpáta náà ni a ti ń rí lára àwọn èròjà 17 tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní rare earth. Wọ́n ń fi díẹ̀ nínú wọn ṣe òòfà inú fóònù àti ti ọkọ̀ oníná. Tìtorí wọn ni ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ṣe ń wojú Ṣáínà, tó ṣòfin ní oṣù Kẹrin ọdún 2025 pé èèyàn gbọ́dọ̀ gbàṣẹ kó tó kó méje nínú wọn jáde.

Cerium, ọ̀kan lára wọn, tó nǹkan bíi gíráàmù 60 nínú tọ́ọ̀nù òkúta kan. Kò sí oko tí kò sí. Èyí tó bá dé inú abọ́ ọbẹ̀ ló kàn wá, díẹ̀ ló sì ń débẹ̀.

Ìdí ni pé inú hóró òkúta líle bíi monazite ló há sí, omi kì í tètè yọ́ ọ. Àfi níbi tí ilẹ̀ bá ti kan, tàbí tí gbòǹgbò fúnra rẹ̀ bá tu oje kíkan síta láti fi wá fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì. Nígbà náà, díẹ̀ á yọ́ sínú omi. Ìtóbi èròjà wọ̀nyí fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti kálísíọ́ọ̀mù dọ́gba, torí náà ọ̀nà tí kálísíọ́ọ̀mù ń gbà wọlé làwọn náà ń gbà. Ṣùgbọ́n gbòǹgbò ni oníbodè: ara rẹ̀ ń di púpọ̀ mú, fọ́sífétì tó wà níbẹ̀ sì ń sọ òmíràn di líle. Ìwọ̀nba ló ń bá omi gòkè dé ewé. Lára àgbàdo, hóró ló sábà máa ń gba èyí tó kéré jù.

Àwọn ewéko kan yàtọ̀. Ọ̀kan lára wọn, Dicranopteris linearis, ń kó èròjà wọ̀nyí jọ sínú ewé rẹ̀ gan-an. Ní Ṣáínà, nǹkan bí ọdún 1970 sí 1980 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi díẹ̀ nínú èròjà wọ̀nyí sínú ajílẹ̀ kí irè oko lè pọ̀. Ṣùgbọ́n tó bá pọ̀ jù, gbòǹgbò kò ní lè dàgbà dáadáa.

Gbòǹgbò ni ẹ̀gẹ́, ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé òun ló yẹ ká kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ẹ̀yin olùkọ́ ní Yunifásítì Adékúnlé Ajásin, àárín Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà lẹ wà: ẹ má wọn ilẹ̀ nìkan. Ẹ wọn èèpo ẹ̀gẹ́ lọ́tọ̀, ẹ wọn inú rẹ̀ lọ́tọ̀, kí ẹ sì sọ èsì rẹ̀ fún àwọn àgbẹ̀ lédè tí wọ́n gbọ́.