Ìgbànú tàbí Ọ̀já: Orúkọ Méjì Inú Ọkọ̀ Ayọ́kẹ́lẹ́ àti Àṣìlò tí Wọ́n Ń Bí

Kí àwọn onímọ̀ èdè tó bẹ̀rẹ̀ sí ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ fún ẹ̀yà ara ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, àwọn awakọ̀ àti àwọn mẹkáníìkì ti fi ẹnu ara wọn sọ wọ́n lórúkọ. Táyà, bíréèkì, sítíárìn àti ẹ́ńjìnnì ti di ọmọ ilé nínú èdè Yorùbá. Irú orúkọ bẹ́ẹ̀ kì í pa ènìyàn lára: ẹni tí ó bá pe táyà ní ẹsẹ̀ ọkọ̀ kò ní tìtorí bẹ́ẹ̀ lò ó ní ìlòkulò. Ṣùgbọ́n orúkọ méjì wà tí kò rí bẹ́ẹ̀. Èkíní ni ìgbànú, tí a sábà máa ń fi pe okùn ààbò ara ìjókòó. Èkejì ni àpèjúwe náà pé irú ọkọ̀ kan wà tí kì í lo kọ́kọ́rọ́. Orúkọ méjèèjì ń kọ́ ẹni tí ó gbọ́ wọn ní àṣìlò, àṣìlò náà sì lè gba ẹ̀mí.

Ìtumọ̀ ìgbànú kò fara sin: ohun tí a gbà mọ́ inú ni. Orúkọ náà ìbá bá irú okùn tí ó wọ́pọ̀ ṣáájú ọdún 1959 mu, nítorí okùn kan ṣoṣo ni, tí ó gba iwájú ara kọjá láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì. Ní ọdún náà ni Nils Bohlin, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Sweden tí ó ti ṣiṣẹ́ rí lórí ìjókòó tí ń ta awakọ̀ òfurufú jáde nígbà ewu, ṣe irú èyí tí gbogbo ayé ń lò lónìí fún ilé-iṣẹ́ Volvo. Ilé-iṣẹ́ náà sì fi àyè sílẹ̀ fún àwọn aṣe-ọkọ̀ yòókù láti lò ó. Okùn ti Bohlin so mọ́ ara ọkọ̀ ní ibi mẹ́ta. Apá kan gba orí èjìká sọ̀kalẹ̀ la àyà kọjá, apá kejì gba iwájú ìbàdí, àwọn méjèèjì sì pàdé ní ìsàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó. Kò sí èyí tí ó yẹ kí ó kan inú nínú wọn. Ìpínlẹ̀ Victoria ní Ọsitrélíà ni ó kọ́kọ́ sọ lílò rẹ̀ di òfin, ní 1970; Ìlú Ọba ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn tí ń jókòó níwájú ní 1983.

Ìdí tí inú kò fi gbọdọ̀ gbà á ni bí ipá náà ti pọ̀ tó. Ọkọ̀ tí ń sá eré kìlómítà 50 ní wákàtí kan ń lọ ní nǹkan bí mítà 14 ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá kọlu ògiri, ọkọ̀ dúró, ṣùgbọ́n ara ẹni tí ó wà nínú rẹ̀ kò tí ì gbọ́ pé ọkọ̀ dúró; eré tí ó ń bá bọ̀ ni ó ń bá lọ. Eré yìí kan náà ni ènìyàn máa ń ní bí ó bá já bọ́ láti ibi tí ó ga tó mítà 10, èyíinì ni láti orí òrùlé ilé alájà mẹ́ta. Kò sí ẹni tí yóò bẹ́ láti ibẹ̀ tí yóò ní ọwọ́ òun ni òun yóò fi gba ara òun dúró. Síbẹ̀ ohun tí ẹni tí ó di sítíárìn mú láìde ara rẹ̀ mọ́ ìjókòó ń sọ nìyẹn. Bí okùn àti imú ọkọ̀ tí ń rún wọlé bá jùmọ̀ fún ara ní àyè tó ìdajì mítà láti fi dúró, ipá tí yóò bá ara yóò tó ìlọ́po 20 ìwúwo rẹ̀. Ara tí ó wọn kílò 60 di kílò 1200, tí í ṣe ìwọ̀n ọkọ̀ kékeré kan. Eegun ìbàdí àti eegun àyà lè gba irú ẹrù bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ tí kò tó pípa ojú dé. Ìfun àti àwọn ohun rírọ̀ mìíràn inú ikùn kò ní eegun tí ó bo iwájú wọn. Bí okùn bá wà lórí wọn, okùn náà gan-an ni yóò fọ́ wọn.

Nítorí náà, bí olùtumọ̀ bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé 'kí olúkúlùkù di ìgbànú rẹ̀', òǹkàwé tí kò rí i rí yóò dè é síbi tí ìgbànú ṣòkòtò ń wà. Aboyún ni yóò kọ́kọ́ jìyà rẹ̀. Ìlànà tí ó tọ́ ni pé kí apá ìsàlẹ̀ okùn gba abẹ́ oyún, kí ó wà lórí eegun ìbàdí àti ìbẹ̀rẹ̀ itan. Kí apá òkè gba àárín ọmú méjèèjì, kí ó sì yà sí ẹ̀gbẹ́ oyún. Ẹnìkan lè dábàá pé kí a yí ìgbànú padà sí ìgbàdí, níwọ̀n bí ìbàdí ti jẹ́ ibi tí ó yẹ. Bí a bá wo ẹ̀yà ara nìkan, àbá náà dára. Ṣùgbọ́n oògùn ni ìgbàdí lẹ́nu Yorùbá, àwọn awakọ̀ kan sì ti gbẹ́kẹ̀ lé irú rẹ̀ jù tẹ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí ó sún mọ́ iṣẹ́ okùn yìí jù lọ ti wà nínú èdè láti ayébáyé. Òun ni ọ̀já. Aṣọ híhun pẹrẹsẹ ni ọ̀já tí ìyá fi ń pọn ọmọ; kì í gé ara bí okùn tín-ín-rín, nítorí pé fífẹ̀ rẹ̀ ń pín ìwúwo ọmọ káàkiri. Ó di ọmọ mọ́ ẹ̀yìn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé bí ìyá bá bẹ̀rẹ̀, ọmọ a bá a bẹ̀rẹ̀. Bí ìyá bá yà, ọmọ a bá a yà. Iṣẹ́ okùn inú ọkọ̀ gan-an nìyí: ó sọ ènìyàn àti ọkọ̀ di ọ̀kan, kí eré àwọn méjèèjì lè jùmọ̀ rọlẹ̀. Ìyá tí ó mọ ọmọ pọ̀n kò nílò kí ẹnikẹ́ni tún sọ fún un pé ọ̀já kì í lọ́ pọ̀, kì í dẹ̀, kì í sì í gba ọrùn ọmọ. Ọ̀já-ìjókòó ni àpilẹ̀kọ yìí yóò máa pè é láti ìhín lọ.

Àléébù kan wà nínú ọ̀rọ̀ náà, kò sì yẹ kí a bò ó mọ́lẹ̀. Òǹkàwé lè rò pé ọ̀já ìyá tó fún ọmọ nínú ọkọ̀. Kò tó. Ní ìkọlù tí a ṣírò lókè yìí, ọmọ oníkílò 10 di ẹrù kílò 200, kò sì sí apá ìyá tàbí ọ̀já ìpọnmọ tí ó lè dá a dúró. Bí ọmọ bá wà lẹ́sẹ̀ ìyá, yóò fò lọ síwájú. Bí ó bá wà lẹ́yìn ìyá, ìyá ni yóò tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìjókòó. Bí a bá sì fi ọ̀já-ìjókòó kan de àwọn méjèèjì pọ̀, ara ìyá ni yóò ti ọmọ mọ́ okùn. Ìjókòó ọmọdé ni ti ọmọdé, kí ti ìkókó sì kọjú sẹ́yìn ọkọ̀. Títí ọmọ yóò fi ga tó sẹ̀ǹtímítà 145 tàbí sún mọ́ ọn, ọ̀já-ìjókòó àgbàlagbà yóò máa gba ọrùn àti ikùn rẹ̀ ni, àfi bí a bá fi ìjókòó kékeré gbé e sókè.

Nípa bí àgbàlagbà yóò ṣe lò ó, ọ̀rọ̀ kò pọ̀. Kí ó jókòó kí ẹ̀yìn rẹ̀ kan ẹ̀yìn ìjókòó. Kí apá òkè gba àárín èjìká, kí ó má ṣe gba abẹ́ apá. Kí ó fa ohun tí ó bá dẹ̀ mọ́ra. Aṣọ ilẹ̀ wa ń fẹ́ àkíyèsí díẹ̀. Ẹni tí ó wọ agbádá ní láti ká a kúrò kí ọ̀já tó gba àyà rẹ̀, nítorí pé àyè tí aṣọ tí ó ṣù jọ fi sílẹ̀ jẹ́ àyè tí ara yóò fi sáré kí ọ̀já tó mú un. Bákan náà ni kí ọ̀já gba abẹ́ kókó ìró, kí ó má gba orí rẹ̀. Irin ẹnu rẹ̀ gbọ́dọ̀ wọ inú ìdè títí yóò fi dún. Àwọn kan wà tí wọ́n ń fà á la àyà lásán nígbà tí wọ́n bá rí òṣìṣẹ́ Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, èyí tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1988, tí wọ́n sì ń jù ú sílẹ̀ bí wọ́n bá ti kọjá. Òṣìṣẹ́ ni irú ìlò bẹ́ẹ̀ ń tàn; kò lè tan ògiri. Àwọn tí ó jókòó lẹ́yìn náà kò yọ sílẹ̀, nítorí pé ẹni tí kò de ara rẹ̀ lẹ́yìn ni yóò fò lu ẹni tí ó wà níwájú. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ọ́ pé lílò ọ̀já-ìjókòó lè dín ewu ikú kù tó ìdajì.

Bí a bá fà á jẹ́jẹ́, ọ̀já a máa tú wá. Bí a bá fà á lójijì, a dúró gbọn-in. Irin kékeré kan ni ó máa ń ṣí nípò nígbà tí ọkọ̀ bá dúró lójijì, tí yóò sì há eyín àgbá tí a ká ọ̀já mọ́. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ titun, ẹ̀tù díẹ̀ tún wà níbẹ̀ tí ń bú láti fa ọ̀já le kí ara tó lọ síwájú. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ẹ̀tù náà ń ṣiṣẹ́. Ẹni tí ó bá ra ọkọ̀ tòkúnbọ̀ tí ó ti ní ìjàǹbá rí ní láti bèèrè bóyá a ti pààrọ̀ rẹ̀.

Àpò afẹ́fẹ́ ni orúkọ tí ó yẹ ohun tí ń wú jáde láti inú sítíárìn, kì í ṣe ìrọ̀rí. Ìrọ̀rí kì í wú ní nǹkan bí ìdá ọgbọ̀n nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá kan. Kí àyà awakọ̀ jìnnà sí i tó sẹ̀ǹtímítà 25, kí a má sì ṣe gbé ìjókòó ìkókó tí ó kọjú sẹ́yìn síwájú rẹ̀ láé.

Ní ti kọ́kọ́rọ́, àwọn ènìyàn ní pé ọkọ̀ kan kì í lò ó nítorí pé olówó rẹ̀ kò fi irin bọ ihò. Kọ́kọ́rọ́ wà lápò rẹ̀. Eyín irin ni a fi ìpè àti ìdáhùn rọ́pò. Bí olówó bá fọwọ́ kan ilẹ̀kùn, ọkọ̀ a fi ìgbì rédíò tí kò le pè, ìgbì tí ń mì ní ìgbà ẹgbẹ̀rún 125 tàbí 134 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, tí kì í sì í sábà dé ju mítà kan sí méjì lọ. Kọ́kọ́rọ́ a jí, a sì fi ìgbì tí ó yára ju bẹ́ẹ̀ lọ dáhùn: mílíọ̀nù 315 fún ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí a tà ní Amẹ́ríkà, nǹkan bí mílíọ̀nù 433 fún ti Yúróòpù. Nínú ìpè náà ni nọ́ńbà kan wà tí a kò lò rí. Kọ́kọ́rọ́ a fi àṣírí tí òun àti ọkọ̀ nìkan mọ̀ ṣírò èsì rẹ̀. Nítorí èyí, kọ́kọ́rọ́ ajẹ́pè ni orúkọ tí ó bá a mu, kí a lè yà á sọ́tọ̀ sí rímóòtù, tí kì í sọ̀rọ̀ títí a ó fi tẹ̀ ẹ́.

Orúkọ yìí náà ni ó ń fi ewu rẹ̀ hàn. Àwọn àgbà máa ń kìlọ̀ fún ọmọ pé kí ó má ṣe jẹ́ ìpè ẹni tí kò rí. Kọ́kọ́rọ́ ajẹ́pè kò gba ẹ̀kọ́ yìí. Ní 2011, àwọn olùwádìí ní Zurich fi hàn pé bí ẹnìkan bá dúró ti ọkọ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ tí ń gba ìpè, tí ẹnìkejì sì gbé ẹ̀rọ mìíràn sún mọ́ ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà, ìpè yóò dé ọ̀dọ̀ kọ́kọ́rọ́ nínú ilé, ìdáhùn yóò sì padà dé ọkọ̀. Oríṣi ọkọ̀ 10 láti ọwọ́ ilé-iṣẹ́ 8 ni wọ́n dán an wò lára. Kò sí àṣírí kankan tí wọ́n tú. Wọ́n kàn gbé ohùn rìn ni. Ìdí nìyí tí agolo onírin tí ó ní ìdérí fi dára fún kọ́kọ́rọ́ lálẹ́. Kí a gbé agolo náà lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ láti dán an wò. Bí ilẹ̀kùn bá ṣí, kò wúlò.

Olè rímóòtù yàtọ̀: ariwo ni ó fi ń bo ohùn rímóòtù mọ́lẹ̀, tí ilẹ̀kùn kò fi ní tì. Fífa ilẹ̀kùn wò ni oògùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kọ́kọ́rọ́ ajẹ́pè wà lápò rẹ̀ kò lè fi bẹ́ẹ̀ mọ̀, nítorí pé bí ó bá fà á, yóò ṣí fún un. Kí ó wo iná ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ bí ó bá ṣẹ́jú, tàbí kí ó gbé kọ́kọ́rọ́ fún ẹlòmíràn kí onítọ̀hún rìn jìnnà díẹ̀.

Bí bátìrì kọ́kọ́rọ́ bá kú, àwọn tí a ti sọ fún pé ọkọ̀ wọn kì í lo kọ́kọ́rọ́ ni ó ń dúró sínú oòrùn. Nínú ọ̀pọ̀ kọ́kọ́rọ́ ajẹ́pè, irin gidi kan fara pamọ́ sínú rẹ̀ tí a lè fà yọ, ihò rẹ̀ sì wà lára ilẹ̀kùn awakọ̀, nígbà mìíràn lábẹ́ ìdérí kékeré. Láti tan ẹ́ńjìnnì, kí a gbé kọ́kọ́rọ́ náà kan bọ́tìnnì ìtanná tàbí ibi tí ìwé ọkọ̀ bá tọ́ka sí. Ẹ̀yà kan wà nínú rẹ̀ tí ń gba agbára láti ọ̀dọ̀ ọkọ̀ fúnra rẹ̀.

Ọ̀rọ̀-ìṣe méjì ni ó kù fún àwọn olùtumọ̀ láti ṣọ́: pa àti tì. Láyé kọ́kọ́rọ́ onírin, kò sí bí ènìyàn ṣe lè fi kọ́kọ́rọ́ ti ilẹ̀kùn láti ìta kí ó tó fa kọ́kọ́rọ́ náà yọ, kò sì lè fà á yọ kí ó má pa ẹ́ńjìnnì. Nísinsìnyí iṣẹ́ méjèèjì ti yà. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ni kì í kú nítorí pé kọ́kọ́rọ́ jìnnà sí i, ẹ́ńjìnnì àwọn mìíràn sì dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí olówó wọn kò fi ní mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́. Bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá wà nínú gáréèjì tí ó so mọ́ ilé, èéfín rẹ̀, tí májèlé inú rẹ̀ kò ní àwọ̀, tí kò sì ní òórùn, lè wọ yàrá tí àwọn ènìyàn ń sùn sí, gẹ́gẹ́ bí ti jẹnẹrétọ̀ ti ń ṣe. Ìwé ìlànà tí ó bá kọ 'kí o ti ọkọ̀ rẹ' nìkan kò tíì pé. 'Kí o tẹ bọ́tìnnì pa ẹ́ńjìnnì, kí o rí i pé iná iwájú rẹ ti kú, kí o tó jáde ti ilẹ̀kùn' ni ó yẹ kí ó kọ.