Ìbò Wọn, Ẹ̀mí Abiyamọ

Bí ìbò bá ti parí l'Amẹ́ríkà, àwọn olóṣèlú ẹgbẹ́ Democrat a máa dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú bí ẹni pé wọ́n ṣe wọ́n lóore. Nǹkan wà tí àwọn obìnrin yìí ń wá. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n, kó wo ọ̀rọ̀ ìbímọ. Lọ́dún 2021, bí àwọn aláwọ̀ dúdú bá bí 100,000 ọmọ níbẹ̀, nǹkan bí 70 ìyá ló ń kú. Láàárín àwọn aláwọ̀ funfun, wọn kò pé 27. Bẹ́ẹ̀, nígbà náà, Medicaid, ètò ìlera ìjọba fún àwọn tí owó kò tó lọ́wọ́ wọn, lè já ìyá sílẹ̀ bí ọmọ bá ti pé 60 ọjọ́, nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ríru àti àrùn ọkàn ṣì lè gbẹ̀mí rẹ̀.

Ní ọjọ́ 5 oṣù Kìíní ọdún 2021, Raphael Warnock àti Jon Ossoff wọlé sípò aṣòfin àgbà ní Georgia. Stacey Abrams, olóṣèlú Democrat kan níbẹ̀, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kan ilẹ̀kùn, wọ́n ń forúkọ olùdìbò sílẹ̀. Ju mẹ́sàn-án lọ nínú obìnrin aláwọ̀ dúdú mẹ́wàá tó dìbò ló sì ti àwọn méjèèjì lẹ́yìn. Ìjókòó méjì yẹn ló fi ilé aṣòfin àgbà lé Democrat lọ́wọ́. Ní oṣù Kẹta, òfin ìrànwọ́ Kòrónà kọjá níbẹ̀ pẹ̀lú ìbò 50 sí 49. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti gba àwọn ìpínlẹ̀ láàyè láti fi Medicaid tọ́jú ìyá ọlọ́mọ fún ọdún kan gbáko. Ká ní ọ̀kan péré nínú ìjókòó méjèèjì bọ́ ni, òfin náà kì bá tí kọjá.

Àwọn kan ní ẹgbẹ́ tó mọ̀ pé ìbò rẹ ti wà lápò òun kò ní kà ọ́ sí. Ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, àmọ́ ó fo ìdìbò abẹ́lé dá. Lóṣù Kejì ọdún 2020, Joe Biden, tó ń wá ipò ààrẹ, ti fìdí rẹmi ní ìpínlẹ̀ mẹ́ta kó tó dé South Carolina, níbi tí àwọn aláwọ̀ dúdú ti ju ìdajì olùdìbò ẹgbẹ́ náà lọ. Ibẹ̀ ló ti ṣèlérí pé òun yóò yan obìnrin aláwọ̀ dúdú sí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà, ó borí. Lọ́dún 2022, Ketanji Brown Jackson dé ilé ẹjọ́ náà.

Àtakò tó wúwo jù ni ti ìbò ààrẹ 2024: nǹkan bí mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú tó dìbò ló dìbò fún Kamala Harris, olùdíje Democrat, síbẹ̀ Trump ló wọlé. Wọn kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá àwọn olùdìbò ilẹ̀ náà, agbára wọn kò sì lè dá gbé ẹnikẹ́ni wọlé bí àwọn yòókù bá kọ̀yìn. Lórí ọ̀rọ̀ abiyamọ pàápàá, gbèsè ṣì wà nílẹ̀: nínú àwọn àbá òfin tí aṣòfin Lauren Underwood ti ń gbé kiri láti 2020, èyí tó wà fún àwọn obìnrin tó ti ṣiṣẹ́ ológun nìkan ló ti di òfin nígbà tí ìbò yẹn dé.