Àwọn Tí Ń Fi Kámẹ́rà Pàdé Ìjì

Bí ojú ọ̀run bá ṣú dẹ̀dẹ̀, tí atẹ́gùn sì bẹ̀rẹ̀ sí í mi igi jìgìjìgì, ohun tí olúkúlùkù wa mọ̀ láti kékeré ni pé kí a ká aṣọ lórí okùn, kí a pe ọmọdé wọlé, kí a sì ti fèrèsé. Ṣùgbọ́n ní pápá oníkoríko tí ó tẹ́ lọ salalu ní agbedeméjì Amẹ́ríkà, láti Texas títí dé South Dakota, àwọn ènìyàn kan ń bẹ tí ó jẹ́ pé ìgbà náà gan-an ni wọ́n ń gbé kámẹ́rà sínú ọkọ̀, tí wọ́n ń forí lé ibi tí àwọn ẹlòmíràn ti ń sá bọ̀. Ìfẹ́ ni ó ń lé ọ̀pọ̀ wọn jáde, kì í ṣe owó. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

Ilẹ̀ ibẹ̀ ni ó bí ìjì náà. Láti oṣù Kẹrin sí oṣù Kẹfà, afẹ́fẹ́ tí ó móoru tí ó sì rin fún omi ń gòkè bọ̀ láti etí òkun Mẹ́síkò, èyí tí ó gbẹ fúrúfúrú ń ti orí òkè ìwọ̀-oòrùn wá, òtútù sì jókòó sí òkè téńté. Bí èyí tí ó móoru bá wá rí ààyè fò sókè, tí ẹ̀fúùfù ìsàlẹ̀ ń fẹ́ sí ìhà kan, tí ti òkè sì ń fẹ́ kíkankíkan sí ìhà mìíràn, odindi ìkùukùu náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yípo bí òkòtó tí ọmọdé ta. Supercell ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ó lè ga ju kìlómítà 15 lọ, òun ni ó sì máa ń bí tọ́nádò, ìjì tí ń yí bírí, èyí tí ó burú jù. Kí a má ṣe fi í wé ààjà tiwa, tí í gbé ekuru àti ewé jó lọ́sàn-án gangan: ilẹ̀ gbígbóná ni ó ń bí ààjà, kò ní ìkùukùu lórí, ṣùgbọ́n ìkùukùu ni ó so tọ́nádò rọ̀.

Iṣẹ́ fífi kámẹ́rà pàdé ìjì ti pẹ́ láyé. Ní ọdún 1882, ní Philadelphia, William Jennings ya mànàmáná sínú fọ́tò, ó sì fi han ayé pé kì í ṣe wọ́gọwọ̀gọ bí ayùn, gẹ́gẹ́ bí àwọn ayàwòrán ti máa ń yà á, ni mànàmáná rí, bí kò ṣe pé ó yẹ̀ka bí gbòǹgbò igi. Títí di òní, ìdúródè ni gbogbo ọgbọ́n rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ yà á lóru yóò gbé kámẹ́rà ka orí irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, yóò la ojú rẹ̀ sílẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú-àáyá 15 tàbí 20 nínú òkùnkùn, mànàmáná fúnra rẹ̀ ni yóò sì kọ ara rẹ̀ sínú àwòrán. Láàárín ìgbà tí mànàmáná kọ yẹ̀rì àti ìgbà tí àrá sán, kí ó máa kà: ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta-mẹ́ta dúró fún kìlómítà kọ̀ọ̀kan. Bí iye náà bá ń dín kù, kí ó wọ inú ọkọ̀ rẹ̀, nítorí irin ara ọkọ̀ a máa gbé iná náà yí ènìyàn ká lọ sí ilẹ̀.

Nínú àwọn tí ó wà láyé báyìí, Mitch Dobrowner ni ojú mi fẹ́ràn jù. Dúdú àti funfun nìkan ni ó ń yà, bí ayafọ́tò Ansel Adams ti ṣe fún àwọn òkè Amẹ́ríkà, ó sì gba ẹ̀bùn tí ó ga jù nínú ìdíje Sony ní ọdún 2012 fún àwọn àwòrán ìjì rẹ̀. Ẹni tí ó bá wò wọ́n yóò rò pé ọba kan ni ó jókòó sí ojú sánmà, tí ilẹ̀ sì dọ̀bálẹ̀ fún un.

Akínkanjú tí ó mọ ìjà tí kò mọ ìsá ni í bá ogun lọ. Nítorí náà ni àwọn tí ń lépa ìjì kì í fi í dúró níbi tí kò ti sí ọ̀nà àbájáde. Ṣùgbọ́n Tim Samaras mọ ìsá. Òun ni ẹnjiníà tí ó gbé irinṣẹ́ kan tí ó rí pẹlẹbẹ bí ìjàpá sílẹ̀ fún tọ́nádò ní Manchester, South Dakota, ní ọdún 2003, tí ìjàpá náà sì fi hàn pé ìwúwo afẹ́fẹ́ já wálẹ̀ ní 100 mílíbà. Ní ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún ọdún 2013, nítòsí El Reno ní Oklahoma, tọ́nádò kan tí ó fẹ̀ tó kìlómítà 4.2, èyí tí ó fẹ̀ jù lọ nínú gbogbo èyí tí a tíì wọ̀n, ṣàdédé yí ojú padà, ó sì bo òun, Paul ọmọ rẹ̀ tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 24, àti Carl Young ẹlẹgbẹ́ wọn mọ́lẹ̀.

Lẹ́yìn náà, àwọn onímọ̀ kó fídíò àwọn tí ó wà lójú pápá lọ́jọ́ náà jọ. Aago kámẹ́rà wọn kò dọ́gba, nítorí náà mànàmáná ni wọ́n fi ṣe aago: ibi tí kíkọ rẹ̀ kan náà bá ti hàn nínú fídíò méjì, ibẹ̀ ni wọ́n ti so wọ́n pọ̀, títí wọ́n fi mọ bí ìjì náà ṣe rìn. Ọkọ̀ kan wà níwájú ti Samaras tí ó rí ọ̀nà sá lọ, kámẹ́rà ẹ̀yìn rẹ̀ sì ká ìmọ́lẹ̀ iná ọkọ̀ wọn, tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn nínú òjò, títí òjò fi bò ó.